Fídíò tó ń jẹ téèpù, àti ibi tí Offiah ti sáré: iṣẹ́ mi lórí àwọn téèpù Wigan

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Iṣẹ́ tí mo gbé wá yìí, títún àwọn téèpù fídíò àtijọ́ ti bọ́ọ̀lù rọ́gíbì ṣe, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2025, inú ìwé pélébé kan ni mo ti ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń ṣe é, mo kàn wá ń tẹ̀ ẹ́ síbí báyìí ni, ibì kan á gùn ibì kan á kúrú, ẹ bá mi mú un bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Rẹdióníìkì ni mo kọ́ ní Ìbàdàn, ní Mọ́kọ́lá, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi sin ọ̀gá mi kí n tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Níbí, ní Wigan, ìlú kan ní Ẹ́ńgílándì, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò kúrò nídìí sọ́dà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Bàbá kan wà tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wa, ẹni ọdún 84, ìyàwó wọn ti ṣaláìsí. Ní ìlú yìí orúkọ ni wọ́n máa ń fi pe ara wọn, ọmọdé pe àgbà, ẹnu mi ò gbà á, Bàbá ni mò ń pè wọ́n, wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni ìtumọ̀ ẹ̀, mo sọ fún wọn, látìgbà náà tí mo bá ti kígbe Bàbá lójú fèrèsé wọ́n ti dáhùn.

Sátidé kan ni wọ́n kanlẹ̀kùn mi, wọ́n gbé páálí kan dání tó ju agbára wọn lọ. Téèpù fídíò 23 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya. Wọ́n ní fídíò àwọn, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo téèpù, ti ń jẹ téèpù, pé méjì ló ti jẹ báyìí, àwọn ò fẹ́ kó jẹ ẹ̀kẹta. Mo bi wọ́n pé kí ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní, "Wigan ni."

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ̀. Rọ́gíbì méjì ló wà. Ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń gbá ọ̀kan, òun làwọn èèyàn mọ̀ káàkiri ayé. Èkejì ni rọ́gíbì líìgì, ẹni mẹ́tàlá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 1895 làwọn kílọ́ọ̀bù apá àríwá Ẹ́ńgílándì pàdé ní George Hotel ní Huddersfield, wọ́n yà kúrò lára àwọn tó kù, torí pé òṣìṣẹ́ ìwakùsà àti ilé-ìhunṣọ làwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, tí wọ́n bá fi iṣẹ́ Sátidé sílẹ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù owó wọn á dín, àwọn kílọ́ọ̀bù yìí sì ní àwọn fẹ́ dí i fún wọn, àwọn aláṣẹ ní rárá. Wigan wà lára àwọn tó yà. Ìlú èédú ni. Bọ́ọ̀lù yẹn di tiwọn bí ẹ̀kọ ṣe jẹ́ ti wa.

Téèpù wọ̀nyí, Ìyá ilé, ìyẹn ìyàwó Bàbá tó ti ṣaláìsí, ló gbà wọ́n sílẹ̀. Bàbá máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Wembley, pápá ìṣeré ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn, Ìyá á dúró sílé, á tẹ bọ́tìnnì pupa nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù: ọjọ́, àwọn tí wọ́n jọ gbá a, iye, àti orúkọ gbogbo ẹni tó gba tráì, ìyẹn ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn lẹ́ẹ̀nì àwọn alátakò. Ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn dára, ó tẹ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Ìgbà tí mo rí i ni mo mọ̀ pé mi ò lè dá páálí yẹn padà.

Ṣíṣí fídíò

Ohun àkọ́kọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi, kápásítọ̀ ńlá tó wà nídìí iná ẹ̀ máa ń di iná mú lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́, ó lè gbé èèyàn. Mo ṣí ìdérí, eruku inú ẹ̀ nípọn bí fẹ̀lífẹ̀ẹ́tì.

Ìdí tí fídíò fi ń jẹ téèpù ò le. Rọ́bà róbótó kan àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló máa ń há téèpù láàárín, àwọn ló ń fà á lọ. Ẹsẹ̀ kejì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tó ń ká téèpù tó ti kọjá, gbọ́dọ̀ máa yí lọ́wọ́ kan náà. Tí ẹsẹ̀ kejì yẹn bá dúró, téèpù tí rọ́bà ń fà wá ò ríbi lọ, á máa kó jọ sínú ẹ̀rọ, ìgbà tí ẹ bá sì ní kó yọ kásẹ́ẹ̀tì jáde ni á fà á ya. Tiwọn náà nìyẹn. Bẹ́líìtì tó ń yí i ti fẹ̀, ó ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, rọ́bà róbótó yẹn sì ti ń dán bí àwo. Mo ra bẹ́líìtì tuntun àti rọ́bà tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n dé lọ́jọ́ kẹrin. Kápásítọ̀ mẹ́ta nídìí iná ti wú lórí, mo pààrọ̀ gbogbo wọn, kódà àwọn tí ò tíì wú, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n.

Lẹ́yìn náà ló kan hẹ́ẹ̀dì, èyí tó ń ka àwòrán lára téèpù. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé tó ní fídíò láyé ọjọ́sí ẹ máa rántí pé tí àwòrán bá ti ń ta yìnyín funfun, ẹnìkan á ní "hẹ́ẹ̀dì ti dọ̀tí," wọ́n á fi owó tuntun tó ń dán nù ún. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ìlù irin tí hẹ́ẹ̀dì wà lára ẹ̀ ń yí ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, hẹ́ẹ̀dì fúnra ẹ̀ kéré ju imú abẹ́rẹ́ lọ, tí ẹ bá fi nǹkan fà á lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ á ṣẹ́. Isopropyl alcohol 99% ni mo bu sára awọ rírọ̀ kan, mo gbé awọ yẹn ti ìlù náà, mo di í mú láì mì, ọwọ́ kejì ni mo fi ń yí ìlù. Dúdú tó jáde, àfi bí ẹ̀édú.

Mi ò fi téèpù Ìyá dán an wò o. Téèpù kan tí wọ́n gba ètò ọgbà òdòdó sí ni mo kọ́kọ́ fi sí i, mo jẹ́ kó lọ wákàtí méjì, mo dá a padà, mo tún ṣe é. Kò jẹ ẹ́.

Téèpù àkọ́kọ́: 1985

Alẹ́ Sunday, Bàbá jókòó sórí àga onírin nínú ṣẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n wọ kóòtù, torí òtútù. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1985, àṣekágbá Challenge Cup, ife ńlá rọ́gíbì líìgì, Wigan àti Hull, èèyàn 99,801 ní Wembley. Àwòrán kọ́kọ́ gbọ̀n, mo yí bọ́tìnnì tracking tó ń mú àwòrán dúró, ó bá dúró. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Tráì mẹ́wàá, márùn-ún síbí márùn-ún sọ́hùn-ún. Brett Kenny, ọmọ Australia, rìn wọ pápá bí ẹni tó ń lọ ra àkàrà, nígbà tó gba bọ́ọ̀lù ó kọjá láàárín wọn bíi pé wọn ò sí níbẹ̀. Peter Sterling, ọmọ Australia bíi tiẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kílọ́ọ̀bù kan náà nílé, ló ń darí Hull lódì kejì. John Ferguson gba méjì, Henderson Gill gba ọ̀kan tó sì rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín ẹ̀ hàn, Shaun Edwards tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 péré gba ọ̀kan. James Leuluai gba méjì fún Hull, ó ku díẹ̀ kí wọ́n bá wọn, 28–24 ló parí sí.

Ní ìparí, ó dá dúró lójijì, ètò ọgbà òdòdó tún jáde. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní Ìyá ò gbọ́dọ̀ fi téèpù ṣòfò.

Ìwé ńlá

Ìwé yẹn ni mo ń ṣe lálẹ́ tí iṣẹ́ bá ti sú mi nídìí sọ́dà. Bàbá Ìyá ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Ìyá fúnra wọn ló tẹ̀síwájú. Ìlà kọ̀ọ̀kan ìdíje kan: tráì mélòó, góòlù mélòó (bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹsẹ̀ gbá gba àárín òpó), àwọn wo ló gbá a. Mo ní kí n tẹ̀ ẹ́ sínú spreadsheet kí èèyàn lè máa wá orúkọ níbẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì máa ṣírò iye fúnra ẹ̀ kí n lè mọ̀ bí mo bá ṣi nǹkan tẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe kan tó jẹ mí ní alẹ́ méjì. Mo kọ fọ́múlà pé tráì kan jẹ́ 4, góòlù kan jẹ́ 2, bí wọ́n ṣe ń kà á lónìí. 1985 bá a mu: tráì márùn-ún jẹ́ 20, góòlù mẹ́rin jẹ́ 8, 28. Mo dé oṣù Kejì 1925, ìdíje kan tí Wigan bá Flimby and Fothergill gbá, kílọ́ọ̀bù kékeré kan láti Cumberland. Ìwé ní 116–0. Kọ̀ǹpútà ní 140. Mo rò pé Ìyá tàbí bàbá wọn ló ṣì í kà, mo ti fẹ́ tún un ṣe, mo bá ní kí n bi Bàbá ná. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní tráì ò tíì di 4 nígbà yẹn, ọdún 1983 ló tó di 4, mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀. Mo padà lọ ṣírò ẹ̀: tráì 24 lọ́nà mẹ́ta, 72. Góòlù 22 lọ́nà méjì, 44. 116. Ó pé géérégé. Ẹni tó kọ ọ́ ò ṣìnà, èmi ni mo ṣìnà, mo fi ọpọlọ òní ka ìwé àná. Báyìí mo ti fi ọdún sínú fọ́múlà, ohun tó bá ṣáájú 1983 á lo mẹ́ta.

Góòlù 22 yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló gbá gbogbo ẹ̀. Jim Sullivan ni. Láti Cardiff ni wọ́n ti mú un wá ní 1921, ọmọ ọdún 17, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Wigan di 1946, ìgbà 774. Ẹ rò ó wò. Mo ń tẹ orúkọ ẹ̀ títí mo fi lè tẹ̀ ẹ́ láì wo kíbọ́ọ̀dù. Òun náà ni olórí ikọ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1929, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé àṣekágbá Challenge Cup lọ sí Wembley, Wigan 13, Dewsbury 2. Syd Abram ló gba tráì àkọ́kọ́, Lou Brown ọmọ New Zealand àti Roy Kinnear gba ti wọn.

Ìlà míì tí mo fẹ́ràn ni ti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá 1987. Manly, tó gbégbá orókè ní Australia, wá sí Wigan lálẹ́. Tráì: òdo. Odidi ìdíje láàárín akọni méjì, kò sẹ́ni tó kọjá lẹ́ẹ̀nì. Góòlù mẹ́rin láti ẹsẹ̀ David Stephenson, 8–2. Èèyàn 36,895 ló wà níbẹ̀. Bàbá wà níbẹ̀, wọ́n ní ohùn àwọn lọ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Central Park ni wọ́n ti gbá a. Mo bi Bàbá pé níbo ni Central Park wà. Wọ́n ní Tesco. Ẹ gbà mí o, Tesco tí mo ti ń ra ìrẹsì láti ọdún tí mo ti dé! Láti 1902 sí 1999 ni Wigan fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta 1959 èèyàn 47,747 ló dúró síbẹ̀ láti wo wọn pẹ̀lú St Helens. Bàbá jẹ́ ọmọ ọdún 18 lọ́jọ́ yẹn, wọ́n há wọn mọ́ra débi pé ẹsẹ̀ wọn ò kan ilẹ̀. Nígbà tí mo tún lọ ra nǹkan lọ́jọ́ Wednesday, mo dúró díẹ̀ ní páàkì ọkọ̀, mi ò ṣe nǹkan kan, mo kàn dúró ni.

Oṣù Kẹfà: ọjọ́ tí mi ò tún nǹkan kan ṣe

Mo ti mú irin dání pé kí n ṣí téèpù kejìlá, Bàbá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ojú wọn pupa. Ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ní, "Wọ́n ti sọ Billy di Sir."

Billy Boston. Mo ti mọ orúkọ yẹn nínú ìwé, torí ojú-ewé tí mi ò ti rí i kò pọ̀ láàárín 1953 sí 1968. Ìgbà 488 ló gbá fún Wigan, tráì 478. Tráì kan fún ìdíje kan, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òun ni èèyàn àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ di Sir nídìí rọ́gíbì líìgì láti 1895, ó sì ti di ẹni 90 ọdún kí wọ́n tó rántí ẹ̀.

Tiger Bay ní Cardiff ni wọ́n bí i, ní 1934, bàbá ẹ̀ wá láti Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ìyá ẹ̀ láti ìdílé Irish. Ẹgbẹ́ Cardiff tó wà nítòsí ilé wọn ló wù ú láti gbá bọ́ọ̀lù fún, kò sẹ́ni tó pè é. Ó wọ iṣẹ́ ológun, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Catterick, Wigan lọ bá a, wọ́n san £3,000. Kò tíì gbá ju ìdíje mẹ́fà lọ fún wọn tí wọ́n ti mú un wọ ikọ̀ Great Britain lọ sí Australia ní 1954, ó gba tráì 36 nínú ìrìn-àjò kan yẹn. Ní 1957, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti World Cup, ikọ̀ yà ní South Africa láti gbá bọ́ọ̀lù, òfin apartheid ò fàyè gba ọmọ dúdú pẹ̀lú wọn, òun nìkan ló wọ ọkọ̀ òfúrufú padà wálé.

Bàbá sọ èyí fún mi lórí àga onírin yẹn, wọ́n ò gbójú sókè. Wọ́n ní àwọn jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà náà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún àwọn, ẹ̀yìn ìgbà yẹn làwọn tó gbọ́, pé ọdọọdún làwọn ń kígbe orúkọ ẹ̀ lórí pápá, ẹni yẹn sì gbé nǹkan báyìí sáyà. Mo pọn tíì. A ò tan fídíò lọ́jọ́ yẹn. Mo ka gbogbo tráì Boston inú ìwé sí wọn létí, ti 1959 ní pàtó, méjì nínú àṣekágbá tí wọ́n fi na Hull 30–13, wọ́n ń mi orí.

Ère ẹ̀ wà láàárín ìlú níbí, ó gbé bọ́ọ̀lù sáyà, ó ń sáré. Mo ti kọjá níwájú ẹ̀ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún kí n tó mọ ẹni tó jẹ́.

Èyí tó bu

Láti 1988 dé 1995, ọdún mẹ́jọ léra wọn, Wigan ló gba Challenge Cup. Ìdíje 43 nínú ife yẹn ni wọn ò pàdánù, kí Salford tó wá na wọn 26–16 ní oṣù Kejì 1996. Téèpù mẹ́jọ fún ife mẹ́jọ, Ìyá ò fo ọ̀kankan. Ti 1989, 27–0, St Helens, Ellery Hanley tó ń sáré bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Steve Hampson náà gba tráì lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí egungun ẹ̀ ti kán tẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò fi lè gbá àṣekágbá. Ti 1990, Shaun Edwards fi egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti fọ́ gbá bọ́ọ̀lù dé ìparí, tẹ́ẹ bá wo ojú ẹ̀ dáadáa ẹ máa rí bó ṣe ń wú. Méje nínú mẹ́jọ wọ kọ̀ǹpútà láìsí wàhálà.

Ẹ̀kẹjọ, ti 1994, òun gan-an ni Bàbá tìtorí ẹ̀ gbé páálí wá, wọ́n kàn ò sọ ni. Òun ni wọ́n wò jù. Àárín àwọn ọdún tí ilé ń jò ni ó ti wà lórí àjà, tẹ́ẹ bá wo ojú fèrèsé kásẹ́ẹ̀tì, funfun bí ìyẹ̀fun ló bo téèpù nínú. Ó bu. Téèpù tó bá bu, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi sínú fídíò, á ba hẹ́ẹ̀dì jẹ́, á tún kó ran gbogbo téèpù tó bá wọlé lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ wọ ìbòmú, ẹ ṣe é níta, bíbu yẹn ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Sukúrúù márùn-ún ló wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì. Mo yọ wọ́n, mo gbé rólà méjèèjì jáde sórí pákó kan tí mo kan ìṣó méjì sí, mo ra aṣọ tí kì í já fọ́nrán, mo fi alcohol rin ín, mo há téèpù sáàárín, mo wá ń fi ọwọ́ yí rólà díẹ̀díẹ̀. Téèpù wákàtí mẹ́ta gùn ju mítà 250 lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, lẹ́yìn iṣẹ́, mo ń pààrọ̀ aṣọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni ọwọ́ mi kan nǹkan. Sẹ́lótéèpù. Téèpù náà ti já nígbà kan, ẹnìkan fi sẹ́lótéèpù lásán lẹ̀ ẹ́, góòmù ẹ̀ ti yọ́ jáde, ó ti lẹ̀ mọ́ ìpele tó wà lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, téèpù ìlẹ̀mọ́ tí wọ́n ṣe fún fídíò wà lọ́tọ̀, ẹ má fi sẹ́lótéèpù kàn án, góòmù yẹn ni á dí hẹ́ẹ̀dì. Mo pe Bàbá. Wọ́n wò ó, wọ́n ní Ìyá ni. Pé àwọn ló ń dá a dúró tí wọ́n tún ń dá a padà ní ibì kan náà lójoojúmọ́ títí ó fi já, Ìyá sì jókòó sí tábìlì ilé ìdáná, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì àti sẹ́lótéèpù tún un ṣe kí àwọn tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Mi ò ní parọ́, mi ò fẹ́ gé e. Ṣùgbọ́n kò sọ́nà míì. Ibi tí góòmù ti bà jẹ́ pẹ̀lú ibi tó ti wó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Téèpù fídíò tiwa ní Yúróòpù ń rìn sẹ̀ǹtímítà 2.34 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú-àáyá méjì lé díẹ̀ ni mo máa gé dànù. Mo bi wọ́n, wọ́n ní kí n gé e. Mo gé e, mo fi èyí tó tọ́ lẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, apá tí hẹ́ẹ̀dì kì í kàn, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú páálí kásẹ́ẹ̀tì tuntun, mo fi lábẹ́ẹ̀lì Ìyá lẹ̀ ẹ́ padà. Sẹ́lótéèpù yẹn pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ẹ̀, Bàbá gbà á, wọ́n fi sáàárín ìwé ńlá.

Fífà á sínú kọ̀ǹpútà

Kíákíá ni mo máa sọ èyí torí àlàyé ẹ̀ pọ̀ níbi gbogbo. Fídíò yìí wọ DVD recorder àtijọ́ kan tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù àánú, iṣẹ́ DVD ọ̀hún kì í ṣe láti gbà á sílẹ̀, ó kàn ń mú kí ìlà àwòrán dúró ṣánṣán kó tó kọjá sínú kọ̀ǹpútà. VirtualDub ni mo fi gbà á sílẹ̀, HuffYUV ló ń fún un pọ̀ láì ba àwòrán jẹ́, ìwọ̀n àwòrán jẹ́ 720 lọ́nà 576. Wákàtí kan ń jẹ nǹkan bí 30 gigabyte, ẹ ra hard disk ńlá. Ohun kan tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe: ẹ má sọ ọ́ di fíréèmù (àwòrán) 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwòrán 50 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ẹ bá fi QTGMC, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ya àwọn àwòrán náà sọ́tọ̀, tú u síta dáadáa gbogbo 50 á jáde, ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré á sì hàn bó ṣe rí gan-an. Tó bá jẹ́ ètò ìròyìn, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Tó bá jẹ́ Martin Offiah, ẹ ti gé ìdajì eré ẹ̀ dànù.

Offiah. Ọmọ Nàìjíríà ni òbí ẹ̀ méjèèjì, Hackney ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i. Wigan san £440,000 lé e lórí ní oṣù Kìíní 1992, títí di ìgbà yẹn kò sẹ́ni tí wọ́n tíì san irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí nínú eré yẹn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà ó gba tráì mẹ́wàá nínú ìdíje kan ṣoṣo, Leeds ni wọ́n bá gbá a, 74–6. Ìdíje 159 fún Wigan, tráì 186. Mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú spreadsheet, mo tún ka tráì wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa jẹ́ pé ojú mi ló ń ṣì mí.

Ọjọ́ tí a wò ó

Sunday, lẹ́yìn oúnjẹ. Mi ò lo ṣẹ́ẹ̀dì, pálọ̀ Bàbá la lò, mo gbé kọ̀ǹpútà so mọ́ tẹlifíṣọ̀n wọn. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wá. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin 1994, Leeds tún ni.

Wigan wà nítòsí lẹ́ẹ̀nì tiwọn fúnra wọn, kò sí nǹkan tó jọ pé ó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Offiah gba bọ́ọ̀lù. Ó gba àárín àwọn ará Leeds kọjá bí omi ṣe ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn, pápá ṣí sílẹ̀ níwájú ẹ̀, gbogbo Wembley dìde. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn pátápátá, Alan Tait, ẹni tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Widnes tẹ́lẹ̀, ó mọ eré ẹ̀, ó ń gé ọ̀nà bọ̀ láti dí i. Wọ́n ń súnmọ́ ara wọn.

Àwòrán fò. Ìlà funfun kan. Offiah ti kọjá.

Àkọ́bí mi kígbe pé, "Dádì, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ti ní ìdáhùn sílẹ̀. Mo ti rí àwòrán yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó mọ́ ju tiwa lọ, mo sọ fún Bàbá pé mo lè mú ìṣẹ́jú-àáyá méjì yẹn kí n fi dí àlàfo, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Bàbá ní rárá. Wọ́n ní, "Ti ìyàwó mi ni kó máa jẹ́." Wọ́n wá yíjú sí ọmọ náà, wọ́n ní kí n dá a padà díẹ̀.

Mo dá a padà. Tait ń bọ̀. Ìlà funfun wá, mo dá a dúró síbẹ̀. Bàbá dìde lórí àga, ẹni ọdún 84, wọ́n na ọwọ́ kan síwájú pé Tait rèé, wọ́n fi ọwọ́ kejì ṣe Offiah. Wọ́n ní kò sá fún un o, ó sáré tọ̀ ọ́ lọ ni, ó dín eré kù díẹ̀, bẹ́ẹ̀, Tait náà dín tiẹ̀ kù, ó wá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó wá lọ. Ọwọ́ kejì gba ìta ọwọ́ kìíní kọjá. Wọ́n ní àwọn wà ní ìlà kejìlélógún lẹ́yìn ibẹ̀, àwọn rí bàtà ẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Offiah gbé bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ ní kọ́nà, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú. Àwọn ọmọ ní ká tún un ṣe. A tún un ṣe ní ìgbà mẹ́fà, gbogbo ìgbà tó bá ti dé ìlà funfun yẹn wọ́n á ti yíjú sí Bàbá.

Téèpù mẹ́rin ló kù nínú páálí. Méjì bu, méjì náà ni èyí tí fídíò jẹ. Alcohol mi ti tán, mo ti ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́.